Àwọn tí kì í kúrò ní wọ́ọ̀dù

1/ Ní àwọn teaching hospital Amẹ́ríkà, ẹni tó máa yẹ̀ yín wò tó sì máa kọ oògùn fún yín lè má jẹ́ dókítà. Ó lè jẹ́ physician assistant (PA) tàbí nurse practitioner (NP). Ibo ni wọ́n ti wá?

2/ Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà Eugene Stead ní Yunifásítì Duke, North Carolina, rí i pé dókítà ò tó. Òun àti nọ́ọ̀sì kan, Thelma Ingles, dá ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kọ̀ jálẹ̀.

3/ Stead wá yíjú sí àwọn tó ti tọ́jú aláìsàn nínú iṣẹ́ ológun ojú omi. Wọ́n mọṣẹ́ o, àmọ́ tí wọ́n bá ti bọ́ṣọ ológun, kò síṣẹ́ tó bá ìmọ̀ wọn mu ní ọsibítù. Ní 1965, mẹ́rin wọn wọlé. Ní 1967, mẹ́ta jáde. Bí PA ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

4/ Ní 1965 yẹn náà, Loretta Ford tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Henry Silver tó jẹ́ dókítà ọmọdé bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ NP ní Yunifásítì Colorado.

5/ Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni Joyce Nichols. Aláwọ̀ dúdú ni. Ní 1970, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó gboyè PA, ní Duke níbẹ̀.

6/ Ikú ló yí nǹkan padà. Ní 1984, Libby Zion, ọmọ ọdún 18, kú ní ọsibítù kan ní New York láàárín wákàtí díẹ̀ tó débẹ̀. Àwọn dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́, tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn, ló ń tọ́jú ẹ̀. Bàbá ẹ̀, Sidney Zion, akọ̀ròyìn, ò gbà.

7/ Ní 1989, ìpínlẹ̀ New York fi òpin sí i: wákàtí 80 lọ́sẹ̀ fún dókítà tó ń kọ́ṣẹ́. Ní 2003, ó kan gbogbo Amẹ́ríkà. Àmọ́ aláìsàn ò dín kù. Ta ló máa ṣe iṣẹ́ tó ṣẹ́kù? Àwọn ọsibítù bá gba PA àti NP sí i.

8/ Àwọn kan ní ọ̀nà àtidín owó kù lásán ni. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń ṣí kiri láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù. PA àti NP ló ń dúró. Àwọn ló mọ bí wọ́ọ̀dù ṣe ń lọ, wọ́n sì máa ń fọ̀nà han dókítà tuntun.

9/ Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀bẹ̀ fún: kí aláìsàn mọ ẹni tó ń yẹ òun wò. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.