Ìtàn Yíyọ Káàdì Àfikún Lára Kọ̀ǹpútà Alágbèéká: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Tó Ń Gba Ohùn Àgbà Sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà

Àwọn àgbà ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a gba ohùn bàbá àgbà kan sílẹ̀ ní ẹkùn Ọ̀wọ́rọ̀, nítòsí Lọ́kọ́jà. Bátìrì kọ̀ǹpútà wa ti ń tán lọ, a sì fa káàdì tí ohùn náà wà nínú rẹ̀ yọ wàràwàrà. Nígbà tí a délé, fáìlì náà kò ṣí mọ́. Kí a tó padà lọ, bàbá ti papòdà. Èyí ló mú wa tọpasẹ̀ ìtàn náà.

Ní 1989 ni àwọn ilé-iṣẹ́ dá ẹgbẹ́ PCMCIA sílẹ̀. Ní 1990, ìlànà àkọ́kọ́ wọn fún káàdì àfikún jáde. Káàdì náà fẹ̀ ní mìlímítà 54, ó sì gùn ní 85.6. Abẹ́rẹ́ 68 ló wà nínú ihò tí a ń tì í bọ̀, wọn kò sì gùn dọ́gba. Àwọn tó ń gbé iná ló gùn jù. Àwọn tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé káàdì wà níbẹ̀ ló kúrú jù. Nítorí náà, bí a bá ń fa káàdì yọ, kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ mọ̀ pé àlejò ń lọ kí iná tó já. Èyí dáàbò bo irin. Kò dáàbò bo iṣẹ́ inú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè kọ́kọ́ tọ́jú iṣẹ́ sínú ìrántí tirẹ̀ kó tó kọ ọ́ sórí káàdì. Ojú wa á rí i pé ó ti parí, síbẹ̀ ó lè ku díẹ̀.

Windows 95 fi àmì káàdì sí ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí a lè dá a dúró kí a tó yọ ọ́. Lórí PowerBook ti Apple, agbọ̀n ìdọ̀tí ni a ń wọ́ àwòrán káàdì lọ, èyí tó lè ba ẹni tí kò mọ̀ lẹ́rù. Nígbà náà, àwọn tó ń lo Linux máa ń tẹ àṣẹ cardctl eject. Nígbà tí Windows XP dé ní 2001, «Safely Remove Hardware» ni àkọlé rẹ̀. ExpressCard tẹ̀lé e ní 2003, kí USB tó gba ipò wọn. Láti ẹ̀dà 1809 ti Windows 10, ní 2018, Microsoft sọ yíyọ kíákíá di ìlànà àtilẹ̀wá fún ohun ìpamọ́ tí a ń kì bọ̀ ọ́ láti ìta. Ewu dín kù, ṣùgbọ́n fáìlì tí a ṣì ń dà kọ yóò bàjẹ́ bí a bá fà á yọ.

Ní ìkádìí, a dábàá pé kí a máa pa gbogbo fáìlì dé, kí a tẹ àmì ìyọkúrò, kí a sì dúró gba èsì. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀, ètò kan ṣì ń lo káàdì náà. Kí a wá a pa, tàbí kí a pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Kí a sì ṣe ẹ̀dà kejì kí a tó kúrò lọ́dọ̀ àgbà. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wá báyìí. Ohùn bàbá yẹn kò sí níbì kankan mọ́.