Ìjọra àti ìṣirò rẹ̀

Ìjọra ni bí ojú àti ọkàn ẹ̀dá ṣe ń rí i pé nǹkan kan fi ara jọ òmíràn. Àwọn onímọ̀ ìrònú ti ń wá ìṣirò tí yóò ṣàlàyé rẹ̀ láti àárín ọ̀rúndún ogún.

Ti jíjìnnà ló ṣáájú. Wọ́n á ní kí àwọn ènìyàn fi nọ́ńbà sọ bí nǹkan méjì-méjì ṣe jọra tó, ìṣirò á wá tò wọ́n bí ìlú lórí máàpù: èyí tó jọra á sún mọ́ra, èyí tí kò jọra á takété. Warren Torgerson gbé irú ìlànà yìí jáde ní 1952. Ní 1962, Roger Shepard fi hàn pé nọ́ńbà náà kò tilẹ̀ ní láti péye, kí á ṣáà ti mọ àwọn méjì tó jọra ju àwọn méjì mìíràn lọ. Ó gbé àwọ̀ 14 tí Gösta Ekman fi dán àwọn ènìyàn wò ní Sweden wọ inú ìṣirò náà. Àwọ̀ náà tò ní òbìrí: pupa, ìyeyè, ewé, aró, àlùkò, tí àlùkò tún wá fẹ̀gbẹ́ ti pupa. Ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ òbìrí fún ìṣirò yìí. Inú ìdáhùn àwọn ènìyàn ló ti jáde.

Amos Tversky, ọmọ Ísírẹ́lì, ló wá ta ko ìṣirò jíjìnnà yìí ní 1977, àtakò rẹ̀ sì lágbára gidigidi. Bí Ìbàdàn ṣe jìnnà sí Ọ̀yọ́ náà ni Ọ̀yọ́ jìnnà sí Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìjọra kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ là ń sọ pé ó jọ bàbá. Nínú ènìyàn 69 tó bi léèrè, 66 ló yàn án pé Àríwá Kòríà jọ Ṣáínà, dípò kí wọ́n ní Ṣáínà jọ Àríwá Kòríà. Ó tún ní Jàmáíkà jọ Kúbà nítorí ibi tí wọ́n wà, Kúbà jọ Rọ́ṣíà nítorí òṣèlú ìgbà náà, síbẹ̀ Jàmáíkà kò jọ Rọ́ṣíà rárá. Ìlú méjì tó sún mọ́ ẹ̀kẹta kò lè jìnnà síra báyìí lórí máàpù.

Ìṣirò tirẹ̀ ka àbùdá tí nǹkan méjèèjì jọ ní, ó sì yọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá ní kúrò. Àbùdá tí ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dá ní máa ń wúwo ju ti ohun tí a fi í wé lọ. Ìdí nìyẹn tí èyí tí a mọ̀ dunjú fi ń di òṣùwọ̀n.

Ní 1986, Robert Nosofsky dá máàpù láre: ìhà tí ènìyàn bá tẹjú mọ́ ń gùn sí i, èyí tí kò kà sí ń kúrú. Dedre Gentner ti gba ọ̀nà mìíràn ní 1983. Bí àwọn ẹ̀yà inú nǹkan kan ṣe bá ara wọn tan ló ń wò. Átọ́ọ̀mù kò bá oòrùn àti pílánẹ́ẹ̀tì pín àwọ̀ tàbí títóbi, ṣùgbọ́n bí a ṣe máa ń ya àwòrán àwọn méjèèjì, ohun kékeré ń yí ohun ńlá ká.