Ta Ló Bi Ìyá Ìbejì?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ ṣí àpótí tí ẹgbẹ́ wa ń kó àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sí, kí ẹ mú èyíkéyìí jáde. Ẹ gbé e sún mọ́ ojú dáadáa. Ẹ wo àmì tó wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ ó rí i pé wọn ò dọ́gba: òmíràn tóbi, òmíràn yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn ti fà bí ìlà. Bírò ni. A ó tẹ ìwé náà tán lórí kọ̀ǹpútà láìsí àmì kankan, ẹ̀dà kan ṣoṣo á jáde lára prínta, ẹnìkan á wá mú bírò dúdú, á máa sàmì sí i láti ojú ewé kìíní títí dé ìkẹyìn, kí a tó gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ fọtokọ́pì.

Mo mọ ẹni tó ń fi bírò yẹn sàmì. Àbúrò ìyá mi ni, Ìyá Ìbejì, tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà ní Àrámọ̀kọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti Ìjerò gbé prójẹ́ẹ̀tì wá bá wọn, àwọn ọlọ́kọ̀ ń ti Ẹ̀fọ̀n Aláayè gbé ìwé ètò ìsìnkú wá. Orí táípúráítà ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Ní 2003 ni wọ́n ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí mo ń wo bí ìka ṣe ń sáré láì jẹ́ pé ojú tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mò ń kọ́ nínú ọgbà yìí. Ọba, ogun àti òyìnbó amúnisìn ló kún inú ìwé wa. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ìbejì ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn àwọn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ohun tí gbogbo wa ń pè ní OS, àti ìtàn àwọn tó ń yàn án fún ẹlòmíràn. Èmi náà wà nínú ìtàn ọ̀hún, n kò sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ẹ ó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ bírò. Ní àwọn ọdún 1990, ààyè 256 péré ni Windows ń lò fún lẹ́tà àti àmì fún àwọn èdè ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, òun náà ló sì bá kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ wa. Faransé rí tirẹ̀ gbà níbẹ̀, Jámánì náà rí tirẹ̀. É olóhùn òkè wà níbẹ̀. Ẹ alámì abẹ́ kò sí. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń ṣe ni pé wọ́n á wá fọ́ǹtì tí ẹnìkan ti tún ṣe, tí ẹ ti gba ìjókòó àmì mìíràn. Ó máa ń dára lórí kọ̀ǹpútà yẹn nìkan. Gbé fáìlì ọ̀hún dé Adó, kí o ṣí i lórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, orúkọ olóògbé á di ìsọkúsọ. Nítorí náà, bírò dáa ju fọ́ǹtì lọ. Bírò kì í yí padà lọ́nà.

Unicode ló wá tún un ṣe, èyí tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, tó fẹ́ fún gbogbo èdè ayé láyè. Ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín nìyí: apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún èdè àwọn ará Vietnam ni ẹ àti ọ ti rí ilé. Àwọn náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà. Àlejò ni wá ní yàrá ẹlòmíràn! Tí a bá tún fi ohùn lé e lórí, bí ọ̀ tàbí ẹ́, kò sí yàrá kankan fún odidi rẹ̀. Lẹ́tà á wà lọ́tọ̀, àmì ohùn á wà lọ́tọ̀, kọ̀ǹpútà ló máa so wọ́n pọ̀. Èyí tó bá mọ̀ ọ́n so á so ó dáadáa. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ bíi fìlà ọ̀mùtí.

Ìdí nìyí tí OS tí ènìyàn bá yàn kì í fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ lásán fún wa. Ó kan orúkọ wa. Ṣùgbọ́n ta ló ń yàn án?

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ariwo ní Nàìjíríà rí, ní 2007. Ètò kan wà láti fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ní kọ̀ǹpútà kékeré tí Intel ṣe, Classmate PC, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 17,000. USPF, àjọ ìjọba àpapọ̀, wà lára àwọn tó ń sanwó. Mandriva, ilé iṣẹ́ Linux kan ní ilẹ̀ Faransé, ṣe àdéhùn pé ètò tiwọn ni yóò wà lórí rẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe gbọ́ pé a ó sanwó Mandriva lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ó yọ ọ́ kúrò, a ó sì fi Windows rọ́pò rẹ̀. Ní October 31, 2007, ọ̀gá Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó ń bi í pé kí ló ṣe fún àwọn ènìyàn yìí tí wọ́n fi yí ọkàn padà. Kò pẹ́ ni ìròyìn jáde pé Microsoft ń bá ilé iṣẹ́ tó gba kọ́ńtíráàtì náà sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn ìpolówó tó tó $400,000. Microsoft ní kò sí ohun tí kò tọ́ níbẹ̀, wọ́n ní àwọn kò tíì san kọ́bọ̀. Nígbà tó di November, USPF ní orí Mandriva ni àwọn ṣì wà.

Mo ka gbogbo ohun tí ọwọ́ mi tó nínú ìròyìn ìgbà náà. Faransé sọ̀rọ̀, Amẹ́ríkà fèsì, Àbújá dá sí i. N kò rí ibi tí olùkọ́ kan ti lanu. Akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, èmi náà ò retí rẹ̀. Bí ẹrù ṣe ń rí nìyẹn: wọn kì í bi í bóyá ọkọ̀ yìí wù ú. Nígbà tó di 2015, Mandriva fúnra rẹ̀ kógbá sílé. Ẹni tó bá fi ọkàn rẹ̀ kọ́ ọ lórí Classmate, ó ti di ọmọ òrukàn.

Ní Èkìtì tiwa náà, ní sáà kìíní Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, 2010 sí 2014, ìjọba pín laptop fún akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Inú wa dùn. Ohun tó bá wà lórí rẹ̀ la lò.

Yíyàn nìkan kọ́. Ká tiẹ̀ ní ènìyàn yan ọ̀kan tí ó sì mọ̀ ọ́n lò, àwọn tó ṣe é á tún dé, wọ́n á tún inú ilé tò. Bọ́tìnnì Start dé pẹ̀lú Windows 95 ní August 1995. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi jókòó sí igun ìsàlẹ̀ lápá òsì, tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n síbẹ̀. Ní October 2012, Windows 8 dé, wọ́n yọ ọ́. Ariwo sọ. Ní 2013 wọ́n dá bọ́tìnnì náà padà, mẹ́nù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò bá a bọ̀ títí di Windows 10 ní 2015. Nígbà tí Windows 11 jáde ní 2021, wọ́n gbé bọ́tìnnì ọ̀hún sí àárín.

Èyí tó dun Ìyá Ìbejì jù ni ti Office 2007. Lórí Word àtijọ́, ọ̀rọ̀ náà File wà lókè lápá òsì. Inú rẹ̀ ni Save wà, inú rẹ̀ ni Print wà. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n ṣí i, File kò sí mọ́. Bọ́tìnnì róbótó kan ló wà níbẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ lára, àwọn mẹ́nù yòókù sì ti di àwòrán wẹ́wẹ́ tó tẹ́ rẹrẹ. Wọ́n rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni bọ́tìnnì yẹn. Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi rí ibi tí Print wà. Ká sọ òótọ́, àwọn tó ṣe é ní ìdí. Wọ́n ní àwọn ènìyàn ń béèrè fún ohun tó ti wà nínú Word tẹ́lẹ̀, mẹ́nù ló bò ó mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀ síta. Ó bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ilé, wàhálà ni. Nígbà tí Office 2010 sì dé, ọ̀rọ̀ náà File padà sí àyè rẹ̀ bí ẹni pé kò rìnrìn àjò rí.

Ẹ má rò pé ará Linux bọ́ nínú rẹ̀ o. Ní 2011, GNOME 3 dé, Unity ti Ubuntu náà dé, méjèèjì sì yí ojú kọ̀ǹpútà padà pátápátá. Linus Torvalds tó bẹ̀rẹ̀ Linux gan-an bínú kúrò lórí GNOME 3 lọ sórí Xfce. Ní 2017, Ubuntu pa Unity tì, wọ́n padà sí GNOME.

Mo máa ń ronú kan Agbọnbiọ̀fẹ́, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà Ẹ̀fọ̀n tó gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè. Ká ní ẹnìkan wọ àgbàlá rẹ̀ lóru, ó gba irinṣẹ́ rẹ̀, ó pààrọ̀ gbogbo èèkù wọn sí èyí tó rò pé ó dára jù. Kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ní òwúrọ̀?

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀dọ̀ mi.

October 14, 2025 ni Microsoft dẹ́kun àtìlẹyìn ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Ẹ̀rọ Ìyá Ìbejì ti dàgbà, kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè, TPM 2.0 wà lára rẹ̀, ohun ààbò tó ń gbé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ wọn. Lóru ọjọ́ Wednesday kan, nígbà tí wọ́n ti sùn, mo kó fáìlì wọn sórí fláàṣì, mo pa Windows rẹ́, mo fi Linux Mint sí i. Mo yan Mint nítorí mẹ́nù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ lápá òsì bíi ti àtijọ́. Inú mi ń dùn. Mo sùn bí ẹni tó ra aṣọ fún ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ Thursday, kò tíì tó aago mẹ́jọ, oníbàárà kan dé láti Ẹ̀fọ̀n. Ìwé ètò ìsìnkú bàbá rẹ̀ ni, ojú ewé mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ti ṣe é tán lórí CorelDRAW, ó ku kí wọ́n tún ọjọ́ orí kan ṣe kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Àìsùn oníwàásù wà ní alẹ́ Friday. Ẹ̀dà CorelDRAW kò sí fún Mint. Fáìlì wà lórí fláàṣì mi, pípé, kò sí ohun tó lè ṣí i bó ṣe yẹ. Mo gbìyànjú títí di ọ̀sán, mo làágùn, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo. Níkẹyìn Ìyá Ìbejì ka àsanṣílẹ̀ ₦15,000 padà sọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Adó.

Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n kàn jókòó.

"Ṣé o bi mí?"

"Mà, mo fẹ́ ràn yín lọ́wọ́ ni. Ewu wà nínú kí ẹ máa lo..."

"Mo gbọ́ ewu. Ṣé o bi mí?"

Wọ́n wá sọ ọ́ ní Èkìtì, pé ó dà bí ẹni pé ẹnìkan wọ ulé àwọn lóru, ó gbé iyọ̀ sí ibi ata, ó gbé ọ̀bẹ pamọ́, ó wá ń rẹ́rìn-ín pé òun gbálẹ̀. Mo dojú bolẹ̀. Mo ti ń bú Faransé àti Amẹ́ríkà nínú ìwé mi lórí ọ̀rọ̀ 2007.

Ọjọ́ méjì ló gbà mí láti dá Windows 10 àti CorelDRAW padà sórí ẹ̀rọ náà. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo béèrè bóyá kí n fi Mint sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n rò ó, wọ́n ní kí n fi sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ni yóò sọ ìgbà tí àwọn máa kọ́ ọ. Adéhùn wa nìyẹn: Windows fún Corel, a ó sì yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, Mint fún táìpù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn tí ṣọ́ọ̀bù bá pa, wákàtí kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ra ìwé olójú ọgọ́ta. Wọ́n ń ya àwòrán bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀, wọ́n ń kọ àlàyé síwájú rẹ̀. Àkọlé ojú ewé kìíní ni "Ibi tí wọ́n gbé Print sí."

Ní alẹ́ kẹrin, mo fi hàn wọ́n pé lábẹ́ Nàìjíríà nínú àkójọ kíbọ́ọ̀dù, Yorùbá wà. Wọ́n tẹ orúkọ ìyá wọn. Àmì abẹ́ jáde, ohùn jókòó lé e lórí. Wọ́n bojú wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Windows kò ní èyí?"

Mo ní ó ní in. Yorùbá ti wà nínú àkójọ èdè Windows láti ìgbà Vista, ní 2007. Ẹnikẹ́ni kò kàn sọ fún wọn ni, èmi náà kò mọ̀.

"Bírò mélòó ni mo ti rà láti 2007?"

N kò dáhùn. Mo jáde lọ bu epo sínú jẹnẹrétọ̀.

Ìtẹ̀jáde tó wà lọ́wọ́ yín yìí, Ìyá Ìbejì ló tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá rí àwọn àmì kan tó yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójú ewé tó kẹ́yìn, bírò ni. Epo tán.