Àdéhùn Ni Kọ́kọ́rọ́: Láti Àpótí Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Ilé Dátà Ojú Ọ̀run

Bí ènìyàn bá dúró níwájú Gbọ̀ngàn Mápó, tí ó wo ìsàlẹ̀ lọ sí Ọjà'ba, sí Bẹẹrẹ àti sí Bẹ́yẹrúnkà, òrùlé páànù tó ti dógùn-ún ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Lábẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìtàn àpótí kan tí ó máa ń sọ̀rọ̀ láìgba èsì. Ìtàn náà ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo kà pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ti ń pawọ́ pọ̀ láti gbé ilé ìpamọ́ dátà lọ sí ojú ọ̀run.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Starcloud fi rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX gbé sátẹ́láìtì kan lọ sókè, tí ẹ̀rọ ìṣirò H100 ti Nvidia wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kan náà, Google kéde iṣẹ́ tí ó pè ní Suncatcher: òun àti ilé-iṣẹ́ Planet fẹ́ gbé sátẹ́láìtì méjì lọ fún àyẹ̀wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2027. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ilé dátà orí ilẹ̀ ń jẹ iná mànàmáná lọ́pọ̀lọpọ̀. Lókè, bí sátẹ́láìtì bá tọ ipa tí ó yẹ, oòrùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ lójú rẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni ooru, nítorí kò sí afẹ́fẹ́ tí yóò gbé ooru ẹ̀rọ náà lọ.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni yóò yanjú ti ooru. Èyí tí ó kàn wá ni pé: ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbàdàn ti bá irú ìbéèrè yìí pàdé rí.

Ní ọdún 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn rédíò wọ inú ilé ní Èkó. Ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Onílé a máa sanwó oṣooṣù, wọn a sì gbé àpótí kan kọ́ sára ògiri rẹ̀. Ohun tí ó bá wu olùdarí ní ìdí wáyà ni àpótí náà yóò sọ. Onílé lè mú ohùn náà rọlẹ̀, ó lè mú un ròkè, ṣùgbọ́n kò lè yàn, kò sì lè fèsì. Ìdí nìyí tí orúkọ Asọ̀rọ̀mágbèsì fi bá a mu.

Ní 1953, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fojú ara rẹ̀ rí ohun tí orúkọ náà túmọ̀ sí. Gómìnà John Macpherson bá ẹgbẹ́ Action Group wí lórí rédíò. Awólọ́wọ̀ béèrè ààyè láti fèsì. Wọn kò fún un.

Kò jókòó máa ráhùn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kò ní ìmọ̀ ẹ̀rọ náà, nítorí náà ó bá ilé-iṣẹ́ Overseas Rediffusion ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì da òwò pọ̀. Ní 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, Aníkẹ̀ẹ́ Àgbájé-Williams sì ni ojú àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn rí lórí rẹ̀. Láìpẹ́ ọdún, ìjọba ra ìpín àjèjì náà, ilé-iṣẹ́ sì di tirẹ̀ pátápátá. Òtítọ́ ni pé ìjọba ológun àpapọ̀ tún gbà á lọ́wọ́ ẹkùn ní àwọn ọdún 1970, tí ó sì di ara NTA. Ẹni tí ó bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ àjèjì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ nílé pẹ̀lú.

Orílẹ̀-èdè wa tún kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀run. Ní oṣù karùn-ún 2007, Ṣáínà bá wa gbé sátẹ́láìtì NigComSat-1 lọ sókè. Ní oṣù kọkànlá 2008, pátákó tí ń gba agbára oòrùn fún un bàjẹ́, ó sì kú. Owó ìbá ti wọmi bí kò bá sí ìwé adójútòfò. Ìwé náà ni ó mú kí NigComSat-1R rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2011, láìjẹ́ pé a tún san owó tuntun.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ilé dátà ojú ọ̀run. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1967 lórí òfurufú sọ pé orílẹ̀-èdè tí ó bá fi orúkọ ohun tí a gbé lọ sókè sínú ìwé rẹ̀ ni ó láṣẹ lórí rẹ̀. Èyí fi hàn pé bí àkọsílẹ̀ owó ìyá aláṣọ ní Ọjà'ba, tàbí ìwé ìtọ́jú aláìsàn kan ní Bẹẹrẹ, bá wà nínú sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà, àṣẹ Amẹ́ríkà ni yóò borí níbẹ̀. Nàìjíríà ṣe òfin ààbò dátà ní 2023, ó sì fi ìkálọ́wọ́kò sí gbígbé dátà ará ìlú lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n òfin ilé nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Èmi kò sọ pé kí a sá fún òwò náà. Awólọ́wọ̀ kò sá fún òyìnbó; ó bá a dòwò ni, ó sì mọ ohun tí ó ń wá. Kí àwọn tí yóò tọwọ́ bọ̀wé fún wa béèrè nísinsìnyí: orúkọ ta ni yóò wà lára ẹ̀rọ náà? Ta ni ó lè ṣí i? Bí ó bá kú, ta ni yóò san án? Bí a bá fẹ́ kó ẹrù wa padà, ọ̀nà wo ni yóò gbà? Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti gbéra, ẹ̀pa kò bóró mọ́.