Etíkun Tí Èbúté Jẹ

Odò Ògùn kì í sinmi. Láti apá Òkè-Ògùn ni ó ti ń ṣàn bọ̀, ó la Abẹ́òkúta kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé nítòsí Ibafo, ó sì tú ara rẹ̀ sínú ọ̀sà Èkó. Láti inú ọ̀sà náà ni omi rẹ̀ ti ń wá ọ̀nà dé agbami. Bí odò ti ń ṣe ni àwọn ènìyàn etí rẹ̀ náà ń ṣe. Láti ọdún 1978 tí a ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ará Mowe àti Ibafo ni ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Èkó ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, tàbí ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, kí àwọn àti àwọn ọmọ wọn lè fi ojú kan òkun.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń lọ lónìí yàtọ̀ sí ibi tí àwọn òbí wọn lọ. Etíkun tí tilé-toko mọ̀ sí Bar Beach kò sí mọ́. Ilẹ̀ titun ni ó wà ní ojú rẹ̀, àwọn ilé gogoro sì ń dìde lórí ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé òkun ni ó jẹ ẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Òkun kò ṣàdédé jẹ ẹ́. Ènìyàn ni ó gbé oúnjẹ kúrò níwájú òkun tí òkun fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀. Ìtàn bí ó ti rí bẹ́ẹ̀ yẹ ní mímọ̀, pàápàá fún wa tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí pé òkúta ilẹ̀ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn baba ńlá wa kò ka etíkun sí ibi eré. Olókun ni ó ni òkun. Ọlọ́lá ni, ẹlẹ́rù sì ni. Ẹni tí ó bá lọ síwájú rẹ̀, ẹbọ tàbí àdúrà ni ó gbé lọ. Ìgbì etíkun wa le púpọ̀, ó sì ń fa ẹsẹ̀ ènìyàn wọ ibú. Òwe wa kúkú ti sọ ọ́ pé òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Lẹ́yìn èyí ni òwò ẹrú dé, ó sì da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ mọ́ yanrìn. Ní Àgbádárìgì, wọ́n ń mú àwọn ẹrú sọdá ọ̀sà lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfú, kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ tí kò ní dá wọn padà. Àwọn àlejò ń rin ọ̀nà yanrìn náà lónìí láti rántí wọn. Ẹ kò ní bú àgbàlagbà tí ó gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ bí kò bá fẹ́ kí ọmọ òun lọ ṣeré létí òkun.

Àṣà kí ènìyàn dìde nílé kí ó lọ wẹ̀ nínú òkun fún ìgbádùn, òkèèrè ni ó ti wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Richard Russell kọ ìwé pé omi òkun ń wo àrùn; ọdún 1752 ni ìwé náà jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọlọ́rọ̀ tẹ̀lé ìmọ̀ràn rẹ̀, wọ́n ń wọ́ lọ sí Brighton, títí ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ bí egbòogi fi di fàájì. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kó àṣà yìí dání wá. Wọ́n fi orúkọ ọbabìnrin wọn, Victoria, pe etíkun tí ó kọjú sí gúúsù. Àwọn ará ìlú ní tiwọn ń pè é ní Bar Beach, orúkọ yìí ni ó sì borí.

Inú orúkọ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bar ni àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń pe òkìtì yanrìn tí ó fara pamọ́ sábẹ́ omi ní ẹnu èbúté. Òkìtì yìí kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọ Èkó. Inú agbami ni ọkọ̀ ti ń dúró, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kékeré kó ẹrù rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi okùn sọ èrò kalẹ̀ nínú àga, bí ẹni ń sọ korobá sínú kànga. Ọ̀pọ̀ ẹrù ni ó ṣègbé, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ni ó lọ síbẹ̀. Ìjọba amúnisìn tí ó fẹ́ kó epo, èkùrọ́ àti òwú jáde kò lè fara da èyí pẹ́.

Ní ọdún 1908, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń to òkúta ńláńlá sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn, títí òkúta fi di ògiri tí ó nà jìnnà wọ inú agbami. Ète wọn ni pé kí omi ọ̀sà lè máa jáde pẹ̀lú agbára láàárín ògiri méjèèjì, kí ó sì máa gbá òkìtì yanrìn náà lọ. Ibo ni òkúta ti wá? Aro lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ ọ. Ọkọ̀ ojú irin ni ó ń kó o, ó ń gba Ìfọ̀ kọjá lọ sí Èkó. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ó bọ́ ògiri náà.

Iṣẹ́ náà yọrí sí rere fún ẹni tí ó rán an. Nígbà tí ọdún 1914 yóò fi parí, ọkọ̀ òkun ńlá ti ń wọ èbúté Èkó fúnra rẹ̀. Èkó di olú èbúté Nàìjíríà, ó sì di ìlú tí gbogbo ayé ń wá.

Àmọ́ ohun kan wà tí ògiri ṣe tí a kò rán an. Lẹ́bàá òkun wa, yanrìn kì í dúró sójú kan. Ìgbì tí ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn bọ̀ a máa ta lu etíkun ní ẹ̀gbẹ́, a sì máa ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, ní ọdọọdún, láìsinmi. Etíkun dà bí ọjà tí ẹrù ń wọ̀ ní òwúrọ̀ tí ẹrù sì ń jáde ní alẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí ó máa wà ni pé èyí tí ó ń wọlé tó èyí tí ó ń jáde. Nígbà tí a kọ́ ògiri, ó dí ọ̀nà mọ́ yanrìn tí ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀. Bar Beach wà ní apá ìlà-oòrùn ògiri náà. Ìgbì kò dáwọ́ dúró láti máa kó yanrìn ibẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ń wọlé láti rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di òpin àwọn ọdún 1950, òkun ti gba ilẹ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ ju kìlómítà kan lọ nítòsí ìdí ògiri ìlà-oòrùn.

Nígbà tí etíkun yìí ń kú lọ ni ó ṣe bẹbẹ jù lọ. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé òmìnira 1960, kò sí ibòmíràn ní Èkó tí ó fàyè gba onírúurú ènìyàn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá, ẹni tí ó wọ bọ́ọ̀sì wá, ẹni tí ó fẹsẹ̀ rìn náà wá. Àwọn ọmọdé ń gun ẹṣin lórí yanrìn, àwọn onífọ́tò ń wá oníbàárà kiri, wọ́n ń sun sùyà, wọ́n ń bẹ́ àgbọn. Nítòsí wọn ni àwọn aláṣọ funfun wà. Àwọn Kérúbù àti Séráfù tí Mósè Orímọládé Túnọláṣe àti Àbíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1925 wá síbẹ̀. Àwọn Sẹ̀lẹ́ṣíà tí Samuel Bilewu Oschoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tónóvò ní ọdún 1947 wá síbẹ̀ pẹ̀lú. Abẹ́là ń jó nínú yanrìn, aláboyún ń wẹ̀ nínú òkun, agogo ń dún. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé àṣà àtijọ́ kò kúrò létí òkun: àdúrà tí àwọn baba wa ń gbà níbẹ̀ ni ó pa aṣọ dà, tí ó wá jókòó ti fàájì tí Òyìnbó kó wá.

Wọlé Ṣóyínká rí èyí, ó sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀. Eré onítàn rẹ̀, The Trials of Brother Jero, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ìbàdàn ní ọdún 1960, dá lórí wòlíì ayédèrú kan tí ń ṣòwò ìsìn létí òkun. Èyí tí ó tẹ̀lé e, Jero's Metamorphosis, tí ó jáde ní ọdún 1973, burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú rẹ̀, ìjọba fẹ́ lé àwọn wòlíì kúrò kí wọ́n lè sọ etíkun di ibi ìwòran tí wọn yóò ti máa pa ènìyàn ní gbangba.

Ṣóyínká kò dá a rò lásán. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ìjọba ológun ṣe òfin pé ikú ni ìjìyà adigunjalè, ní ọdún 1971 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìnbọn pa wọ́n ní Bar Beach. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ òpó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì wá wò wọ́n. Orí yanrìn tí ọmọ ti ń gun ẹṣin ni òpó náà wà. Bí ìgbafẹ́ bá jẹ́ ohun tí èrò ń wọ́ lọ wò, a jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ ka èyí mọ́ ọn, bí ó tilẹ̀ dunni. Ibi tí gbogbo ènìyàn ni ni ìjọba ń lò nígbà tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ènìyàn bẹ̀rù.

Ìjọba kò káwọ́ gbera kí òkun máa jẹ. Láti òpin àwọn ọdún 1950 títí di òpin ọ̀rúndún ogún, léraléra ni wọ́n ń fa yanrìn láti ibòmíràn tú síbẹ̀, léraléra ni ìgbì sì ń kó o lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, omi ti ń fo wọ Òpópónà Ahmadu Bello. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ etíkun Kúrámọ̀ tí ó wà nítòsí, ó gbé àwọn tí ń sùn nínú àtíbàbà lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ sì wó ìyókù. Kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Eko Atlantic, níbi tí wọ́n ti ń da yanrìn sínú òkun láti fi ṣe ìlú titun, tí wọ́n sì ń mọ odi òkúta ká a. Odi náà dáàbò bo ojú ọ̀nà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n etíkun tí a kò san kọ́bọ̀ kí a tó wọ̀ ti di ilẹ̀ tí owó ńlá nìkan ni ó lè rà á.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òdì kejì omi. Yanrìn tí ògiri dá dúró kò ṣègbé. Ó kó ara rẹ̀ jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, títí etíkun tí ilé iná atọ́nà-ọkọ̀ wà fi gbòòrò. Tarkwa Bay, tí ọ̀pọ̀ àlejò fẹ́ràn jù lọ lónìí, iṣẹ́ èbúté ni ó bí i. Ògiri ni ó ń ṣíji bò ó tí omi rẹ̀ fi rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé lè wẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi pákó gun ìgbì nítòsí rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ débẹ̀. Ògiri kan náà ni ó pa etíkun kan tí ó sì bí òmíràn. Àmọ́ ọmọ náà kò bọ́ lọ́wọ́ ohun tí ó bá ìyá: ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ológun orí omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Tarkwa Bay kúrò nílé wọn, wọ́n ní nítorí àwọn tí ń jí epo nínú ọ̀pá ni.

Ní báyìí, Ẹlẹ́gúṣì, Ònírú àti Ẹlẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn ará Mowe ń bá lọ. Orin wà níbẹ̀, ẹja sísun wà, ẹṣin kò sì tí ì tán. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wà, owó ìwọlé sì wà ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Bàbá tí ó ní ọmọ mẹ́rin yóò ti ṣe ìṣirò kí ó tó gbéra nílé. Ẹni tí ó tilẹ̀ fi owó ńlá dókòwò létí òkun kò fọkàn balẹ̀: ní ọdún 2024, nígbà tí iṣẹ́ ọ̀nà etíkun Èkó sí Kàlàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wó ilé ìgbafẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù púpọ̀ ní etíkun Ònírú.

Èmi kò sọ pé kí a má ti kọ́ èbúté. Ohun tí a ń jẹ, tí a ń wọ̀, tí a ń gùn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó gba àárín ògiri méjì yẹn wọlé. Ohun tí mo ń sọ ni pé èbúté ní iye tí a rà á, a kò sì kọ iye náà sílẹ̀ níbì kankan. Oníṣòwò jèrè, ìjọba jèrè; ẹni tí ó san owó náà ni ẹni tí kò ní ọgbà, tí kò ní ilé ìgbafẹ́, tí yanrìn ọ̀fẹ́ jẹ́ ìgbafẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní.

Ìpínlẹ̀ Ògùn náà ní etíkun tirẹ̀. Ó kéré, ó wà ní apá Ogun Waterside, èrò kò sì tí ì pọ̀ níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń sọ̀rọ̀ kíkọ́ èbúté sí agbègbè yẹn. Bí ọjọ́ náà bá dé, kí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé kọ́kọ́ béèrè ibi tí yanrìn ti ń bọ̀ àti ibi tí ó ń lọ, kí ó sì béèrè ta ni yóò pàdánù bí a bá dá a dúró lójú ọ̀nà. Òkúta Aro kò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òun ṣe nígbà tí ó ń gba Ìfọ̀ kọjá. Àwa ti mọ̀.