Ọjà Oníní: Bí Àwọn Ìyá Ńlá Wa Ṣe Ń Ra Ohun Ilé

  

Ọ̀rọ̀ àtúnkọ́ ọjà wa ti gba gbogbo gúrúùpù Wọ́sáàpù wa kan. Àwọn kan ní ṣọ́ọ̀bù alágadágodo ni ká kọ́ yí ọjà ká, ká fi géètì sí i. Àwọn kan ní àwọn alátẹ ń dí ọ̀nà, kí wọ́n kúrò ńlẹ̀ kí ìlú wa lè jọ ìlú. Kí ọ̀rọ̀ náà tó gbóná ju báyìí lọ, ẹ jẹ́ kí n mú ìtàn díẹ̀ wá. Àkókò tí owó ẹyọ ń lọ, tí owó òyìnbó ń wọlé, ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, ìyẹn láti nǹkan bí 1900 sí 1930. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jà nígbà náà ní nǹkan í bá wa sọ.

Ogun Kírìjì ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, ọ̀nà ti là, obìnrin lè gbé ẹrù jáde láìsí pé ológun yóò kó o. Kí ni ìyàwó ilé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá ń rà? Iṣu, àgbàdo, ẹ̀fọ́ àti ata, oko ni wọ́n ti ń bọ̀. Ohun tí oko kò bá mú wá ni wọ́n ń fi owó wá: iyọ̀, irú, ẹja gbígbẹ, ìkòkò, igbá, aṣọ, ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Oúnjẹ òórọ̀ gan-an, ọ̀pọ̀ ilé kì í dáná rẹ̀. Ẹlẹ́kọ ń kiri, alákàrà ti gbé agbada kaná lójúde. Ẹ ò rí i pé ká jáde lọ ra oúnjẹ láàárọ̀ kì í ṣe àṣà àwa ọmọ yunifásítì nìkan!

Ọjà ńlá kì í ṣe ojoojúmọ́. Àwọn kan ń ná ọrún, àwọn kan ń ná ìsán, ìlú kọ̀ọ̀kan ló sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn alájàpá fi lè wà ní ìlú yìí lónìí, kí wọ́n wà ní ìlú kejì lọ́la. Ọjà alẹ́ ni ti ohun ọbẹ̀, pẹ̀lú fìtílà elépo lórí àtẹ. Ọjà kan tún wà tí kò ní olójà rárá. Ẹni tó ń bọ̀ láti oko á rí iṣu tàbí ọsàn tí wọ́n kó sẹ́bàá ọ̀nà, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iye òkúta ló ń sọ iye owó. Ẹ kó ọjà, ẹ kó owó sílẹ̀, ẹ bá tiyín lọ. Kò sí kámẹ́rà o.

Owó ẹyọ ni wọ́n ń kó sílẹ̀ yẹn. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá ló wọ inú ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀kẹ́ kan tó ẹrù fún odidi alárù, ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan ńlá á gba ènìyàn tí yóò bá a ru owó. Àléébù ẹyọ nìyẹn. Àmọ́ ó ní ìwà kan tó dára: ó kéré. Ẹyọ mélòó kan lè ra ẹ̀kọ. Ìyá tí kò rí tà lánàá ṣì lè ra iyọ̀ tí yóò to ọbẹ̀ òní.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká lọ wo ọkọ̀ ojú irin. Ó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Láti Òṣogbo sí Iléṣà kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ, ẹsẹ̀ wa sì yá nígbà náà. Àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó bíi John Holt, Paterson Zochonis àti G. B. Ollivant tẹ̀lé ojú irin, wọ́n ń ra epo, èkùrọ́ àti kòkó tó yá, wọ́n sì ń ta iyọ̀, karosíìnì, ìṣáná, ṣúgà, ọṣẹ, aṣọ àti abọ́ tánganran.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kọ́ńpìnnì kì í ta iyọ̀ ṣíbí kan fún ẹnikẹ́ni. Àpò ni wọ́n ń tà. Karosíìnì, gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ló wà nínú agolo ńlá kan. Ta ló wá gbé e dé ilé ìdáná ìyá ńlá yín? Àwọn obìnrin ni: alájàpá àti alárobọ̀. Wọ́n á ra àpò iyọ̀ kan, wọ́n á fọ́n ọn sí wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ife bù ú. Wọ́n á gé ọṣẹ gígùn sí bẹ́ẹ̀bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rọ karosíìnì sí ìgò. Agolo ńlá tó bá ṣófo di garawa tí wọ́n fi ń pọnmi, agolo sìgá di òṣùwọ̀n gàrí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà; bí ọjà òyìnbó ṣe wọ ilé wa nìyẹn, àtẹ ìyá kan ló gbà wọlé. Bí kò bá sí alátẹ, ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo ni gbogbo rẹ̀ ì bá pin sí.

Ibi tí ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ owó. Ní 1904, ìjọba fòfin de kíkó ẹyọ wọlé láti òkè òkun. Owó fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa ná. Ó rọrùn láti gbé, òótọ́ ni. Ọ̀kẹ́ kan tó jẹ́ ẹrù alárù, ṣílè márùn-ún péré ló dúró fún un, ẹ lè dì í mọ́ ìdí aṣọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo owó fàdákà náà, tọ́rọ́ ló kéré jù. Ẹ bá mi ṣírò: bí ọ̀kẹ́ bá jẹ́ ṣílè márùn-ún, ẹgbàá jẹ́ sísì, tọ́rọ́ sì jẹ́ 1,000 ẹyọ. Ṣé ẹ ó mú 1,000 ẹyọ lọ ra ẹ̀kọ kan? Ta ni yóò fún yín ní ṣéńjì? Owó bàbà ti Gẹ̀ẹ́sì tó kéré ju tọ́rọ́ lọ, àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn rẹ̀, kọ́bọ̀ kan pàápàá sì ju 300 ẹyọ lọ.

Nítorí náà, ọjà kò gbọ́ràn. Wọ́n ń fi fàdákà san owó ńlá, wọ́n ń fi ẹyọ ra ohun ọbẹ̀. Ìjọba ló gba kámú níkẹyìn. Ní 1907 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ owó kékeré kan tí kò sí irú rẹ̀ ní ìlú ọba fúnra rẹ̀: ìdá mẹ́wàá kọ́bọ̀. Òun là ń pè ní oníní, tí àwọn mìíràn ń pè ní àníní. Mẹ́wàá rẹ̀ ló ṣe kọ́bọ̀ kan, 120 ló ṣe ṣílè kan. Alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ́, àmọ́ kò bá ojú ọjọ́ wa mu, wọ́n sì ti fi irin tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀ láti 1908. Wọ́n lu ihò sí i láàárín, kí àwọn ènìyàn lè sín in bí wọ́n ṣe ń sín ẹyọ.

Ẹ tún bá mi ṣírò. Bí kọ́bọ̀ bá ju 300 ẹyọ lọ díẹ̀, oníní kan tó nǹkan bí 33. Okùn ẹyọ kan sì jẹ́ 40. Ṣé ẹ rí i? Oníní fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ okùn kan gẹ́lẹ́. Bí mo ṣe rí i, alátẹ ni ìjọba tẹ̀lé, kì í ṣe alátẹ ló tẹ̀lé ìjọba. Ẹlẹ́kọ àti oníyọ̀ tí kò mọ̀wé ló sọ iye tó yẹ kí owó kéré tó.

Ó yẹ kí ìjọba ti kọ́gbọ́n, àbí? Ní 1912 wọ́n dá ìgbìmọ̀ owó sílẹ̀ fún Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní jẹ́ kí fàdákà wọ́n, wọ́n gbé owó bébà jáde ní 1916. Ẹ fojú inú wo ilé amọ̀, ikán, òjò àti òógùn ara, kí ẹ wá gbé bébà fún ènìyàn pé owó ni. Ọ̀pọ̀ kò gbà á tọkàntọkàn; àwọn mìíràn á yọ díẹ̀ nínú iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Owó tí olójà kò bá fọkàn tán, bébà lásán ni.

Àwọn tí kò wá ní owó kankan lọ́wọ́ ńkọ́? Ibí yìí ni tiwa gan-an, àwa Ìjẹ̀ṣà. Òṣómàáló! Àwọn bàbá wa á ra aṣọ lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, wọ́n á rù ú lọ sí abà àti ìlú tó jìnnà, wọ́n á tà á láwìn. Ẹ gba aṣọ lónìí, ẹ wọ̀ ọ́, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ títí ìkórè yóò fi dé. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò jáde, bàbá á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà yín, kò ní jókòó, kò ní lọ, títí ẹ ó fi sanwó. Ibi tí orúkọ náà ti wá nìyẹn. Kò dùn mọ́ onígbèsè o, nítorí gbogbo àdúgbò á gbọ́, iye àwìn sì ju iye owó ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: òun ló jẹ́ kí àgbẹ̀ tí kòkó rẹ̀ kò tíì pọ́n rí aṣọ wọ̀. Èrè rẹ̀ ló sì kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tí a ń rí ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òun ló san owó ilé-ìwé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé wa rèé. Ọjà tó bọ́ ìlú nígbà náà kì í ṣe ọjà tó ní ògiri tó ga jù. Ohun mẹ́ta ló gbé e ró: owó tó kéré, òṣùwọ̀n tó kéré, àti ènìyàn tó mọ ènìyàn débi pé ó lè ta láwìn.

Ẹ wá wo tiwa. Láti 1 Ṣẹ́ẹ́rẹ́ 1973 la ti ń ná náírà àti kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ ti di ọ̀rọ̀ ẹnu. ₦5 àti ₦10, ẹ mú un lọ sọ́jà kí ẹ wo ojú tí wọn yóò fi wò yín. Ẹni tó fẹ́ fa owó díẹ̀ yọ lọ́dọ̀ oní-POS á sanwó lórí owó ara rẹ̀. Tòmátò, mílíìkì, epo, gbogbo rẹ̀ ti di onísáṣẹ́ẹ̀tì, nítorí pé òtòṣì ṣì gbọ́dọ̀ ra díẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 tí owó bébà wọ́n gógó jákèjádò Nàìjíríà, ta ló gba àwọn ará ilé wa là? Ìyá alátẹ tó sọ pé, "Ẹ máa kó o lọ, ẹ ó san án tó bá yá." Ṣọ́ọ̀bù tó ń gba tíránsífà nìkan kò lè ran ìyá tí kò ní fóònù lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí àgbà má bínú sí mi, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú àtúnkọ́ ọjà wa nìyí. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó dára. Ṣùgbọ́n kí a ya ojú ilẹ̀ gbàgede kan sọ́tọ̀ fún alátẹ, kí ó ní òrùlé tí òjò kò ní rọ̀ wọ́n, kí owó ibẹ̀ jẹ́ èyí tí ìyá aláta lè san láti inú èrè ọjọ́ kan. Èkejì, kí ìyálọ́jà àti ẹgbẹ́ wa jọ fẹnu kò sórí kóńgò kan, kí ìdí rẹ̀ má ṣe wọnú, kí ó wà lójú ọjà tí ẹnikẹ́ni lè fi wọn ọjà rẹ̀ wò. Bí a bá kọ́ ọjà tí ẹni tó ní ₦200 kò ti lè ra nǹkan, a ti lé ìdajì ìlú jáde nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Àgbà tó bá ti lé ní 80 ọdún ní agboolé yín, ẹ lọ bá wọn. Ẹ bi wọ́n pé kí ni tọ́rọ́ ń rà nígbà èwe wọn, ta ni òṣómàáló nínú ẹbí, ọjà wo ni ìyá wọn ń ná. Ẹ gbà á sórí fóònù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka ọ̀dọ́. A ó tò ó jọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́dọ̀ wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́jà.

Ìlú wa kò ní bàjẹ́ o. Ire!

Alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́