Sòbìyà Inú Ìgò: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Nípa Ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí sòbìyà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Kí n tó mọ̀wé kà ni mo ti mọ òwe yìí, nítorí àpá sòbìyà mẹ́ta ló wà lẹ́sẹ̀ òsì ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà ní Ìbàràpá. Ọdún tí ẹ̀ẹ̀kẹta mú wọn ni bàbá mi fi ilé ìwé sílẹ̀, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò wa iṣu.

Ní ọdún 1987, mo wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko. Lọ́jọ́ kan nínú láàbù, olùkọ́ wa gbé ìgò kan sórí tábìlì. Ohun funfun kan wà nínú rẹ̀ tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tó ká jọ sínú fọ́málínì. Orúkọ tí wọ́n kọ mọ́ ara ìgò náà ni Dracunculus medinensis. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń kọ orúkọ náà sílẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá àgbà ni èmi ń rò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bi ara mi pé: kí ni gbogbo ẹ̀kọ́ yìí ti ṣe fún irú wọn?

Ọdún 1948 ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ẹlẹ́yẹlé, nínú àwọn ilé tí àwọn ológun ti lò bí ilé ìwòsàn nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, Kenneth Mellanby, onímọ̀ nípa kòkòrò ni. Kó tó wá sí Nàìjíríà, ìwádìí lórí kúrúnà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun. Orúkọ rẹ̀ ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń pè ní Mellanby Hall ń jẹ́ títí dòní. Lára àwọn tó kọ́ni nípa ewéko níbẹ̀ ni Eni Njoku, ẹni tó di gíwá àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Èkó ní 1962.

Ọdún 1962 yẹn kan náà ni Ìbàdàn dá dúró. Ṣáájú ìgbà náà, oyè Yunifásítì London ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Oyè lè ti òkè òkun wá, ṣùgbọ́n ẹranko ilẹ̀ wa ló wà níwájú wọn. Ní 1948 náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹranko díẹ̀ jọ fún ìkọ́ni. Àkójọ kékeré yẹn ló dàgbà di ọgbà ẹranko gidi ní 1974, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wọ bọ́ọ̀sì lọ wò.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù lọ nínú ìtàn yìí ni Dókítà Sanya Onabamiro, ọmọ Ago-Ìwòyè. Ní 1949, ó tẹ ìwé kan jáde lórí ohun tó ń pa àwọn ọmọ wa ní kékeré. Ní Ìbàdàn, ó gbájú mọ́ sòbìyà. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé kòkòrò omi kan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní cyclops, ló ń gbé ọmọ sòbìyà. Ṣùgbọ́n irú cyclops pọ̀. Èwo ló ń ṣe iṣẹ́ ibi náà nínú omi tiwa? Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Onabamiro lọ sí abúlé, ó bu omi tí àwọn èèyàn ń mu, ó sì wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù títí ó fi tọ́ka sí èyí tó jẹ̀bi. Ọ̀kan nínú àwọn kòkòrò omi náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀: Tropocyclops onabamiroi. Lẹ́yìn náà ló di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà.

Ní tiwa, ọ̀pọ̀lọ́ ni a kọ́kọ́ là. Òórùn fọ́málínì kì í kúrò lára aṣọ wa bọ̀rọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní yàrá a sì máa lé wa jáde kí a lọ wẹ̀. Pẹ́ńsù la fi ń ya gbogbo ohun tí a bá rí, ẹni tó bá sì ya ohun tí kò rí, òfo ni máàkì rẹ̀. A máa ń lọ bu omi ní adágún Awba nínú ọgbà yunifásítì, a ó sì jókòó ti maikirosíkóòpù títí ojú yóò fi máa ta wá. Ibẹ̀ ni mo ti fi ojú ara mi rí cyclops.

Nígbà tí a gba ìsinmi, mo bu omi odò abúlé wa sínú ìgò, mo gbé e sínú oòrùn níwájú ìyá àgbà. Mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ wo àwọn funfun tíntín tó ń ta yìí. Àwọn ló ń kó sòbìyà ran èèyàn."

Wọ́n wò ó títí. "Àkànní, inú ìyá ẹni la ti ń gbé sòbìyà wá. Ẹni tí tirẹ̀ bá dìde ló ń yọ sí."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi àti Kẹ́hìndé mi, odò kan la mu, àmù kan náà ni. Ó mú mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò mú òun rí. Ṣé olùkọ́ yín sọ ìdí rẹ̀ fún yín?"

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí mo padà, mo gbé ìbéèrè náà tọ olùkọ́ mi lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìbéèrè onímọ̀ gidi nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé kì í ṣe gbogbo cyclops ló gbé ọmọ sòbìyà, àti pé èèyàn gbọ́dọ̀ gbé akọ àti abo mì kí wọ́n tó lè gùn. Abo tó gùn náà ló ń jáde lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún kan.

Mo gbé èsì lọ sílé. Ìyá àgbà ní, "Orí ló kó Kẹ́hìndé yọ nìyẹn. Ṣebí ohun tí mo ń sọ náà nìyẹn." Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí aṣọ funfun tí wọ́n dì mọ́ ẹnu àmù. Wọ́n ní aṣọ kì í sá ba omi jẹ́.

Sòbìyà kò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sì ní oògùn tó ń pa á. Aṣọ ìsẹ́mi, kànga tó mọ́, oògùn tí wọ́n ń dà sínú odò àti ìkìlọ̀ pé kí ẹni tí sòbìyà ń yọ lára rẹ̀ má wọ odò ni wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dá lórí mímọ̀ pé inú omi ni kòkòrò náà wà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in ní Nàìjíríà ní 1988, wọ́n lé ní 650,000. Ní 2008, ó kan ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà kò dúró gbọ́ ìròyìn náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹrin kò mú wọn mọ́.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tòní kò ní rí sòbìyà rí àfi nínú ìgò. Inú mi dùn sí i. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ bí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀: ẹsẹ̀ èèyàn kan ló ti jáde, oko ẹni náà sì ń dúró dè é.